Eérú Erékùṣù Àtànpàkò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí a máa ti èèyàn ṣubú. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń sùn nídìí ìtàn, kó bọ́ sẹ́yìn, kó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ là. Èmi ni Ọdẹ́gbayì ọmọ Ajíbógundé, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé koríko sẹ́nu, tí àwọn iwin máa ń béèrè pé, "Ṣé ó ti kọjá?" kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn jáde ṣeré. Bí ẹnì kan bá rò pé mò ń fọ́nnu, ọ̀nà igbó nìyẹn, kó lọ bi wọ́n léèrè. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó dìde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Ọdẹ́wùnmí, àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ tó lágídí ju ìyá rẹ̀ lọ, tí ìyá rẹ̀ sì lágídí ju ìbaaka lọ. Apẹja kan ló fẹ́ ẹ, ó mú un lọ sí Erékùṣù Àtànpàkò, láàárín òkun lọ́hùn-ún níbi tí ojú wa kò tó. Ìlú náà kéré! Bí ẹnì kan bá sín lókè ìlú, ará ìsàlẹ̀ ìlú ni yóò kí i pé pẹ̀lẹ́. Bí àkùkọ kan bá kọ, ilẹ̀ ti mọ́ fún gbogbo wọn nìyẹn. Ẹja ni wọ́n ń pa, ẹja ni wọ́n ń yan, èèpo àgbọn ni wọ́n sì fi ń dáná. Ọmọ mi ní ààrò ìyanja tirẹ̀ létí omi, ẹni tó bá sì jẹ ẹja ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í lè dákẹ́ nípa rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Àṣà kan wà ní ìlú yẹn tí n kò rí níbòmíràn. Bí ilé bá jó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ta ló fà á. Olúkúlùkù ni yóò lọ sídìí ààrò rẹ̀, yóò bu eérú, yóò gbé e wá síwájú ilé tó jó, yóò ní, "Bí iná tèmi bá wà nínú rẹ̀, eérú tèmi rèé." Àwọn àgbà yóò wá wo eérú tó wà nílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò tún òrùlé ṣe, àwọn yòókù yóò ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ìjà, kò sí ìbúra. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ẹni tó fi eérú tirẹ̀ pamọ́ rí. Irú ìlú wo lẹ mọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀? Ní tiwa níhìn-ín, bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu ẹnì kan, odidi àdúgbò ni yóò búra pé àwọn kò ní ewúrẹ́ rí láyé.

Ǹjẹ́ òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ó jẹ etíkun, ó jẹ oko àgbọn, ó dé ibi tí wọ́n ń sin òkú sí, ó hú egungun àwọn baba ńlá wọn síta. Omi kànga wọn di omi iyọ̀. Ooru mú débi pé ẹyin adìẹ ń bàjẹ́ lábẹ́ adìẹ. Ìgbà náà ni oníṣẹ́ dé láti ààfin Olú-Òfuurufú, ọba tí afẹ́fẹ́ àti ìkúukùu wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tó sì ń bá gbogbo erékùṣù di òkun mú kó má bò wọ́n. Oníṣẹ́ ní, "Èéfín ayé ti bo ojú ọ̀run bí ẹni dé ìkòkò lórí iná. Ooru kò ríbi jáde mọ́. Àwọn òkè omi dídì tó wà ní ìpẹ̀kun ayé ń yọ́ sínú òkun, òkun sì ń wú. Kí gbogbo ìlú wá síwájú ọba, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn."

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí àwọn ará Àtànpàkò ṣe. Wọ́n rò pé bí wọ́n ti ń ṣe nílé ni gbogbo ayé ń ṣe! Wọ́n bu eérú gbogbo ààrò ìlú wọn, kò kún igbá kan. Wọ́n gbé e lọ síwájú ìtẹ́, wọ́n ní, "Bí iná tiwa bá wà nínú rẹ̀, eérú tiwa rèé." Wọ́n wá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń dúró kí àwọn ìlú yòókù gbé tiwọn sílẹ̀. Wọ́n dúró títí. Àwọn ìlú ńláńlá wo igbá yẹn, wọ́n wo ara wọn lójú. Aṣojú ìlú kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kábíyèsí, ẹjọ́ ti parí. Olè ti gbé ẹrù wá fúnra rẹ̀."

Bí ìdájọ́ ṣe ṣubú lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórí nìyẹn. Olú-Òfuurufú ní kí Àtànpàkò pa gbogbo iná ilé wọn kí oṣù tó wà lókè tó wọ̀ọ̀kùn, kí wọ́n má sì dá òmíràn mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá kọ̀, òun yóò ju òkun sílẹ̀ fún wọn. Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá paná, ẹja yóò rà, ebi yóò pa ìlú. Bí wọn kò bá paná, omi yóò gbé ìlú. Ibi méjèèjì, ikú ni.

Nígbà tí ìròyìn kàn mí, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ. Mo bá a nídìí ààrò, ó ń ki èèpo àgbọn bọná, èéfín ń rú, omi òkun ti dé ibi tí mo mọ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá mi. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Àlàáfíà wo? Wọ́n ní kí ẹ paná, ìwọ ń koná!"

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí, Bàbá mi. Mi ò ní í pa á."

"Bí òkun bá gbé ọ lọ ńkọ́?"

"Kó bá mi nídìí iṣẹ́ mi. Bàbá mi, bí ọmọdé bá tọ̀ sínú òkun, ṣé a ó ní òun ló mú un kún?"

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ lọ gbé eérú kalẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìka tọ́ yín? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ó gbé ojú sókè wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín àti fún ẹkún. Ó ní, "Tiwa ni, Bàbá mi. Mi ò kábàámọ̀ pé a gbé e lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn yòókù kò gbé tiwọn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọdẹ, ẹ bá mi lọ bù ú wá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹlòmíràn bá bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, eyín rẹ̀ ni yóò kó nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú ọmọ mi ṣe mí, ìbínú sì gùn mí sí àwọn tó fẹ́ pa á. Mo gbé ìbọn kọ́ apá, mo fi àdá há ìbàdí, mo jáde. Bí mo ṣe la òkun kọjá, ẹ má bi mí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọkọ̀, kó lọ bá atukọ̀.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ìkúukùu ló kún ibẹ̀, èèyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mò ń táràrà nínú rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn kan lókè orí mi, ohùn tó há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Iwin ni, ó ga tó ọ̀pẹ, kò ní ojú kankan, imú ló kún gbogbo orí rẹ̀: ọ̀kan níwájú orí, ọ̀kan ní àgbọ̀n, méjì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, méjì ní tòsì, ọ̀gá wọn sì wà láàárín, ó tóbi tó agbọ̀n ìkórè. Imú-Méje ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ta nìyẹn? Mo gbúròó ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ òórùn."

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́gbayì ni. Bí o kò bá gbọ́ òórùn mi, àwọn ẹranko tí mo ti pa gbọ́ ọ, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́."

Ó ní, "Ìwọ ẹlẹ́nu ṣọ́ńṣó yìí, gbọ́ àlọ́. Ó gba òrùlé jáde, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, síbẹ̀ kò sí yàrá tí kò sí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, oúnjẹ mi ni ọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èéfín ni!"

Imú-Méje fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Irọ́ ni! Èéfín kò sí láyé mọ́. Èmi ni Olú-Òfuurufú fi ṣe agbóòórùn rẹ̀, pé kí n máa gbọ́ òórùn èéfín gbogbo ìlú, kí n máa jíṣẹ́ fún un. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ òórùn kankan. Mo ti ránṣẹ́ sí ọba pé kò sí ìlú tí mo gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀."

Mo bá wo imú rẹ̀ dáadáa. Òwú! Ẹnì kan ti ki òwú bọ gbogbo ihò imú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀! Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbá mi mú, ó ní àlọ́ tí òun fi jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ òun. Ó jù mí sókè, mo kọjá ẹyẹ àṣá, àṣá ní, "Ọdẹ, ibo lò ń lọ?" mo ní, "Mò ń bọ̀." Nígbà tí mo ń já bọ̀, n kò já bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀lẹ. Orí imú àárín ni mo já bọ́ sí, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ètè rẹ̀, mo di òwú mú, mo fà á. Ó fì mí sọ́tùn-ún, ó fì mí sósì, ó fi mí gbá igi ìrókò, mi ò jọ̀wọ́ òwú. Mo fà á títí ó fi já wálẹ̀, ó sì pọ̀ tó èyí tí a fi ń ṣe ibùsùn tọkọtaya.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Iwin náà sín! Ìkúukùu igbó yẹn fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, igi wó, èmi náà fò dé ìdí àràbà kan. Nígbà tí mo dìde, Imú-Méje ti jókòó sílẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ símú, ó sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Yéè! Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Àwọn ará Ìlú Afínjú ló wá síbí, wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ̀fìnkìn kan ń jà kiri, òwú ni yóò gbà mí. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!"

Mo ní, "Èéfín Àtànpàkò ńkọ́? Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

Ó fi gbogbo imú rẹ̀ wá a kiri, ó pẹ́ kó tó rí i. "Òun nìyẹn. Òórùn ẹja yíyan. Ó tín-ín-rín bí okùn abẹ́rẹ́." Ó wá gbé orí sókè. "Èéfín Ìlú Afínjú ni òfuurufú tí ò ń wò yẹn. Òun ló bo gbogbo rẹ̀. N ó lọ jẹ́rìí níwájú ọba, ṣùgbọ́n wọn yóò ní ta ló ń fi imú ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ bu eérú wọn wá."

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Ohun tí ojú mi rí láàárín igbó yẹn àti Ìlú Afínjú, n ó fi ṣe tèmi. Mo ṣáà dé ibẹ̀. Ìlú náà funfun báláú! Aṣọ wọn funfun, ilé wọn funfun, ọ̀nà wọn mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ààrò, kò sí igi ìdáná, kò sí ẹni tó ń wúkọ́. Ọkùnrin kan tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wá pàdé mi. Aṣojú ìlú náà ni, òun gan-an ló pe ọmọ mi àti àwọn èèyàn rẹ̀ lólè níwájú ọba. Ẹnu-Dùn-Jọbẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá ọdẹ. Kí ni a lè fi ṣe yín lálejò?"

"Eérú," ni mo wí. "Ẹ bù díẹ̀ fún mi nínú eérú ààrò yín."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn ní abíyá. "Eérú kẹ̀? Bàbá, a kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí. Àwa kì í dáná." Ó fọwọ́ kan ògiri, ìmọ́lẹ̀ tàn. Ó fọwọ́ kan ibòmíràn, atẹ́gùn tútù fẹ́ jáde. Ó tún fọwọ́ kan ibòmíràn, adìẹ tó ti jinná yọ jáde lórí àwo. "Ṣé ẹ rí èéfín?" N kò rí i. Ó wá gbé ọṣẹ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wẹwọ́ kí ẹ tó jẹun. Òórùn ẹja yíyan ń bẹ lára yín."

Ó dùn mí wọ egungun. Òórùn ilé ọmọ mi ni! Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra, mo jẹ adìẹ náà tán, mo tọrọ òmíràn. Àbí kí ni? Ẹni tó ń bínú lè jẹun. Nígbà tó lọ tán, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ọdẹ kì í wá ẹran níbi tó dúró sí, ipasẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá. Iwájú ògiri tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná. Mo ń fi ọwọ́ tọ ìgbóná náà lọ bí mo ṣe ń fi ojú tọ ẹsẹ̀ ìgalà, láti ilé dé ilé, títí mo fi dé ẹnu ihò kan tí wọ́n fi òdòdó bò. Mo ká òdòdó kúrò, mo wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tí mo bá níbẹ̀ tóbi ju òkè ìlú wa yìí lọ, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Ajóná-Má-Sùn ni orúkọ rẹ̀. Ó ń jẹ òkúta dúdú, ó ń mu epo dúdú, ikùn rẹ̀ ń jó lala. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ògiri lókè, yóò gbé òkúta mì. Páìpù kan ti orí rẹ̀ jáde, ó gba abẹ́ òkè kọjá lọ, ó sì ń tú èéfín síta ní ìlú ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkè eérú wà, ojú mi kò rí òpin rẹ̀. Ẹnu ìbọn mi yọ́, ó tẹ̀ kọdọrọ. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: ìgboyà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n.

Ṣàngótóyè káfíńtà tó jókòó síbẹ̀ yẹn ń bi mí pé kí ni mo fi bá a jà. Ìwọ, bí wọ́n bá fi òòlù lé ọ lọ́wọ́, gbogbo nǹkan ni ìṣó lójú rẹ. N kò bá a jà. Mo wo ẹ̀dá náà, mo rí i pé iṣẹ́ ló ń ṣe, mo sì ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó dáwọ́ òkúta jíjẹ dúró. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ òkè ṣẹ́jú.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ kò ní í pa yín."

Omijé tó bọ́ lójú rẹ̀ jó ilẹ̀ lu. Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti so mí mọ́ ibí, ẹnikẹ́ni kò kí mi rí. Ẹni tó bá kí mi ti gbà pé mo wà nìyẹn, wọn kò sì fẹ́ gbà. Kí lò ń wá, ìwọ ọmọlúàbí?"

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo ro ẹjọ́ ọmọ mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó na ìka sẹ́yìn, ó fún mi ní eérú tí kò ju èyí tí èèyàn lè fi ìka méjì mú lọ. Ó ní, "Eérú mi kì í dá gbé. Níbi tó o bá gbé èyí sí, tó o bá pe orúkọ ẹni tó ni ín, gbogbo ẹbí rẹ̀ yóò wá bá a. Sáré. Ebi ti tún ń pa wọ́n lókè." Bí mo ti ń gun òkè lọ, mo gbọ́ tó tún gbé òkúta mì.

Ọjọ́ tí oṣù wọ̀ọ̀kùn ni mo dé ààfin Olú-Òfuurufú, lórí ìkúukùu. Aṣojú gbogbo ìlú ayé ti pé. Imú-Méje wà níwájú, wọ́n ti jẹ́ kó rojọ́, wọ́n sì ti fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ọ̀fìnkìn ló ń dà á láàmú. Ọmọ mi dúró láàárín wọn, òun ni Àtànpàkò rán wá. Ẹ wo ohun tó rù: ìkòkò iná! Ẹ̀yín iná ààrò rẹ̀ ló kó sínú ìkòkò, ó pọ́n yòò, ó sì rù ú wọ ààfin ọba tó ní kó pa á.

Olú-Òfuurufú ní, "Àtànpàkò, ṣé ẹ ti paná?"

Ọdẹ́wùnmí sọ ìkòkò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde. "Kábíyèsí, a kò pa á. Mo gbé e wá kí ẹ fojú ara yín rí i. Iná tí mo fi ń bọ́ ọmọ mi nìyí. Bí òun ló ń jó ayé, ẹ da omi sí i níhìn-ín, ká wo bóyá ooru yóò dín."

Ariwo sọ. Ẹnu-Dùn-Jọbẹ̀ dìde, ó na aṣọ rẹ̀ funfun dáadáa. "Kábíyèsí, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé ẹ̀rí wá. Kí la tún ń dúró dè?" Ọba gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti ju òkun sílẹ̀.

Mo ké tantan, "Ẹ dúró!"

Mo la àárín wọn kọjá. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹni tó gbé eérú rẹ̀ wá lẹ ń dá lẹ́bi. Ẹ bi ẹni tó wá ní ọwọ́ òfo! Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Èmi yóò sọ fún un lónìí, bí yóò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Eérú Ìlú Afínjú rèé!"

Mo fi eérú náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá Àtànpàkò. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí nǹkan kan, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín mi. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró bíi ti òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Eérú dé! Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń rọ́ wá láti ìhà gbogbo, ó sì ń lọ bá Ẹnu-Dùn-Jọbẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó bò ó lẹ́sẹ̀, ó bò ó ní orúnkún, ó dé àyà rẹ̀. Ó sá lọ sí ọ̀tún, eérú tẹ̀ lé e. Ó sá lọ sí òsì, eérú tẹ̀ lé e. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ yẹn ni mo fi ojú mi rí i. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, igbá Àtànpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè eérú yẹn, ó kéré débi pé ọba ní láti tẹ̀ ba kó tó rí i.

Olú-Òfuurufú ní, "Ẹnu-Dùn-Jọbẹ̀, kí lo rí sọ?"

Ẹnu rẹ̀ tó dùn náà kún fún eérú. Ó wúkọ́, ó wúkọ́. "Kábíyèsí, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa láàyè. A ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ayé àwọn ọmọ ọmọ wa..."

"Ọmọ ọmọ ta ni?" Ọdẹ́wùnmí ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ tèmi ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrá tí mo bí i sí."

Olú-Òfuurufú sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Ọba dá ẹjọ́. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe ní Àtànpàkò ni kí gbogbo ayé máa ṣe: ẹni tí eérú rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò tún òrùlé ṣe. Kí Ìlú Afínjú dín oúnjẹ Ajóná-Má-Sùn kù láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n sì lọ mọ odi yí Àtànpàkò ká. Ó ní òun yóò di òkun mú bí agbára òun bá ṣe mọ, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, ilẹ̀ tí òkun ti jẹ, kò ní í pọ̀ ọ́. Ó wá yíjú sí ọmọ mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ kò jẹ̀bi. Gbé igbá eérú yín, kó o máa lọ sílé."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí jó! Mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń wá ibi tí n ó gbé tòsì sí, ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi.

"Kábíyèsí, a kò ní í gbé e."

Ọba ní, "Mo ní ẹ kò jẹ̀bi."

"A gbọ́, Kábíyèsí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n eérú wa ni. Ó kéré, tiwa ni. Bí a bá gbé e kúrò, ọ̀kan lára àwọn tí kò gbé nǹkan kan wá ni àwa náà, ẹnu wa kò sì ní í gbà á mọ́ láti bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ fún mi ní ẹnu ọ̀nà ààfin yín kí n jókòó sí."

Ọba fún un.

Ọmọ mi gbé ìkòkò iná rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Olú-Òfuurufú. Gbogbo aṣojú ìlú tó ń wọlé, tó ń jáde, ni Ọdẹ́wùnmí yóò kúnlẹ̀ kí bí ọmọ tí a kọ́ yé. Yóò wá béèrè pé, "Eérú tiyín ńkọ́?" Àwọn kan bú u. Àwọn kan fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn. Àwọn kan ní àwọn ń bọ̀, wọn kò padà wá. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó yíjú padà lọ sílé, tí wọ́n gbé tiwọn wá, tí ojú ń tì wọ́n. Ẹnu-Dùn-Jọbẹ̀ pàápàá, nígbà tí yóò jáde, ẹ̀yìnkùlé ló gbà.

Ó wá kàn mí láti máa bọ̀ nílé. Èmi bàbá rẹ̀, èmi tí mo bá iwin jà nítorí rẹ̀, tí ìbọn mi yọ́ nítorí rẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí kí n súre fún un. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ kò ní í fi mí sunkún. Eérú tiyín ńkọ́?"

Inú kọ́kọ́ bí mi, n kò ní í purọ́. Mo ní, "Èmi?" Ó ní, "Ẹ̀yin àti ìlú yín, Bàbá mi." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé ojú kúrò lójú mi. Mo wo ọwọ́ mi, òfo ni. Nígbà náà ni orí mi wú, tí omijé sì bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ọba, kò sí iwin, kò sí bàbá tó bí i tí ọmọ yẹn yóò yẹ̀ fún.

Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyí. Ẹ má wo ara yín lójú. Ìwọ Ṣàngótóyè, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ilé rẹ láti àárọ̀, má sọ fún mi pé kò ní eérú, èéfín rẹ̀ ti kọ sára ògiri, lọ ha á wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń jó igbó nítorí òkété kan ṣoṣo, ẹ dìde. Ẹ̀yin eléèédú, ẹ dìde. Ìlú kékeré ni wá, mo mọ̀, tiwa kò ní í pọ̀. Bó ti wù kó kéré tó, èmi yóò gbé e lọ síwájú ọmọ mi lọ́la, n kò sì ní í lọ ní ọwọ́ òfo.

Tèmi rèé, mo ti gbé e sílẹ̀. Tiyín ńkọ́?